Ọmọ ń mu ọmú, ojú ẹ̀ ń wo ilẹ̀kùn: ẹ gbọ́ tèmi, kí ẹ sọ tiyín

Ìyá Àbẹ̀ní

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọmọ mi ti pé oṣù 11 báyìí, mo sì ti lè fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wà láàárín oṣù 4 sí 5, ẹkún ni mo ń sun.

Kó tó dìgbà yẹn, ọmú kì í ṣe wàhálà fún àwa méjèèjì. Tó bá ti gbé e sẹ́nu, ojú á dì, ó di ìgbà tó bá yó. Mo máa ń jẹun lórí ẹ̀, mo máa ń tẹ fóònù, mo tiẹ̀ máa ń bá èèyàn jiyàn. Àfi lọ́jọ́ kan ṣáá. Ó fà á bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹnì kan sín ní yàrá kejì, ọmọ yí orí pìrí kó lè wo ẹni tó sín. Kò sì tu ọmú sílẹ̀ o! Ó há a mọ́ ẹnu, ó fà á gùn bíi rọ́bà, ó wá ń wo ilẹ̀kùn. Mo figbe ta. Igbe tèmi náà tún di ìran. Ó wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín, wàrà ń kán ní igun ẹnu ẹ̀.

Bá a ṣe ń bá a yí látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ìṣẹ́jú 2, ó ti tán. Kọ́tìnnì mì, ó gbọ́dọ̀ wò ó. Bọ́tìnnì aṣọ mi, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ yí i. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ọmú mi á ti le gbagidi, iwájú aṣọ mi á ti rin, ẹni tó yẹ kó mu ún á sì máa bá fáànù sọ̀rọ̀. Mo gbà lọ́kàn ara mi pé ọmọ yìí ti kọ̀ mí. Ẹnì kan tún wá bá mi sọ ọ́ pé omi lásán ló kù nínú ọmú mi, pé ìyẹn ni kò fi wù ú mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọmú tó le lọ.

Ohun tí mi ò kà sí ni òru. Láti ìgbà tó ti ń ṣe báyìí lọ́sàn-án ló ti ń jí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, tó ń mu bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Èmi rò pé oorun ẹ̀ ló bàjẹ́, inú sì ń bí mi. Nọ́ọ̀sì tí mo gbé e lọ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wo káàdì ẹ̀, ó ní ó ń sanra bó ṣe yẹ. Ó wá bi mí pé ìlédìí mélòó ló ń fi ìtọ̀ rin lójúmọ́. Mo ní 6, nígbà míì 7. Ó ní, "Ìyá, níbo lẹ rò pé ìtọ̀ yẹn ti ń wá?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ọmọ tuntun kì í ríran jìnnà, ojú ìyá ẹ̀ ló mọ. Tó bá tó bí oṣù 4, ojú ẹ̀ á ti máa ká gbogbo yàrá, etí ẹ̀ á ti mọ ibi tí ìró ti ń wá, ọrùn á sì ti le, á lè yí i síbi tó bá wù ú. Ọmú ṣì wù ú, ayé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a. Èyí tí kò ráyè mu lọ́sàn-án ló ń fi òru san.

Mo wá yí ọwọ́ padà. Mi ò dúró dìgbà tó bá ké mọ́. Tó bá ti ń tòògbé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí tí ojú ẹ̀ ò tíì là tán, a ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, fóònù mi wà ní yàrá míì. Lọ́sàn-án gangan, tó bá ti yí orí, màá rọra ki ìka bọ igun ẹnu ẹ̀ kó lè tú u sílẹ̀, màá bo àyà mi, ó parí. Nígbà tí mo jáwọ́ nínú ìjà, òun náà jáwọ́. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni o, kì í ṣe ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣe tí ẹ sọ ti fífà gùn yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni! Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ ráyè wọ yàrá, ẹ sì ráyè ti ilẹ̀kùn. Èmi ńkọ́, tí ohun tó ń dí Táíwò lọ́wọ́ wà lórí ọmú kejì? Bí Kẹ́hìndé bá ti gbẹ́sẹ̀ sókè báyìí, ó parí, ẹ̀rín ti dé, àwọn méjèèjì á jọ jáwọ́, wàrà á sì máa tú sí gbogbo wa lára.

Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ fún bí oṣù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń fún. Ó ń rẹni, mi ò ní purọ́. Ohun méjì ló ràn mí lọ́wọ́. Mo so ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá kan mọ́ okùn tó nípọn, tí kò lè já, mo gbé e kọ́rùn. Tí ọwọ́ Kẹ́hìndé bá ti rí nǹkan dì mú, ojú ẹ̀ kì í rìn mọ́. Táíwò ní tiẹ̀ kì í lè dúró de kí wàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sun, ìṣẹ́jú yẹn ló fi ń wá ìran kiri. Mo wá máa ń fọwọ́ fún ọmú títí á fi máa ṣàn kí n tó gbé e sí i lẹ́nu.

Bàbá Ìṣọ̀lá

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Èmi ni ẹjọ́ nílé tèmi. Bí ọmọ yìí bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ọmú di ìgbàgbé. Ìyàwó mi bá mi sọ ọ́ títí. Ní báyìí, màá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kí n tó dé, tó bá ní "ó ń mu lọ́wọ́", màá jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, bàtà mi lọ́wọ́. Aládùúgbò ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n lé mi síta ni.

Ìyá Àjọkẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan sí i, torí ó kù díẹ̀ kí n ṣi tèmi mú. Ọmọ mi pé oṣù 8 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí kúrò. Mo ní eré náà ló tún dé. Mo gbé e wọ yàrá, mo pa iná, kò mu. Òru dé, ó tòògbé, kò mu. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo ti kọ́kọ́ rí i: tí mo bá gbé e sí i, á ké bí ẹni tí wọ́n gún ní nǹkan, tí mo bá yí i sí ọ̀tún, á fà díẹ̀. Ara ẹ̀ gbóná lọ́jọ́ kejì. Dókítà yẹ etí ẹ̀ wò, ó ti wú nínú.

Ẹni tí ayé ń fà lójú á mu nínú òkùnkùn. Tèmi ò mu níbì kankan, òjijì ló sì dé. Mo ń fún wàrà sínú ife, mo ń rọra fi kò ó lẹ́nu, kí ọmọ má baà pàdánù, kí ọmú mi má sì gbẹ. Ọjọ́ kẹrin ló padà sórí ọmú, bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Akin

Mo gba ọmú lẹ́nu àkọ́bí mi ní oṣù 7 torí irú nǹkan báyìí. Mo rò pé ó ti sọ fún mi pé òun ò ṣe mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí ọmọ máa mu ún títí dé ọdún 2 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú oúnjẹ míì láti oṣù 6. Ẹ má bá mi kẹ́dùn o, ọmọ náà ti ń sáré lé bọ́ọ̀lù. Ó kàn ń ṣe mí bákan ni, pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Ìyá Àbẹ̀ní

Bàbá Ìṣọ̀lá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá Akin, kò sẹ́ni tó sọ fún èmi náà, àfi nọ́ọ̀sì yẹn. Ní báyìí, òun fúnra ẹ̀ ló ń rá wá bá mi, ìṣẹ́jú 5 ó ti ṣe tán, ó ti lọ. Lánàá, ó dúró lórí itan mi, ó gbé orí sílẹ̀, ó nàró ní ìdí, ó ń mu ọmú, ó sì ń wo ilẹ̀kùn láàárín ẹsẹ̀ ara ẹ̀.