Fínfín ni, kì í ṣe ìkọlà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Sùúrùlérè ń túmọ̀ àròkọ lórí ara fífín ní Sàmóà, erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, wọ́n sì béèrè orúkọ tí a ó máa pè é. Àbúrò kan dábàá "ìkọlà òde-òní". Ẹlòmíràn ní ká kọ "tátù" ká máa lọ. N kò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá mọ ẹni tí à ń pè ní aláìkọlà. Bí ìwé ìròyìn bá ní ọmọge kan lọ ṣe ìkọlà òde-òní ní Yábà, ọkàn mi ò ní lọ sí apá rẹ̀ rárá. Ilà ni pélé, ilà ni àbàjà: olóòlà ló ń fi abẹ kọ ọ́, ìdílé ló sì ń pinnu rẹ̀ kí ọmọ tó lè sọ̀rọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 tó ka ilà àti ara fífín léèwọ̀ fún ọmọdé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dárúkọ wọn.

A ti lọ́rọ̀ tipẹ́. A ń kọ ilà, a ń sín gbẹ́rẹ́, a sì ń fín ara. Ẹ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ wo apá àwọn ìyá àgbà mìíràn: ẹ ó rí orúkọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún, tí dúdú rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ aró, tí lẹ́tà rẹ̀ sì ti fẹ̀ bí awọ ṣe ń hunjọ. Fínfín ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ tó fi ń di igbá fínfín. Fífín ni iṣẹ́ náà, fínfín ni ohun tó kù sára.

Ní ti tátù, àwọn ará erékùṣù yẹn ló ni ín: tatau ni wọ́n ń pè é. Àwọn atukọ̀ James Cook, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ ọ ní Tàhítì, erékùṣù mìíràn ní òkun kan náà, lọ́dún 1769, wọ́n sì gbé e wọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá máa yá a, lọ́wọ́ oní-nǹkan ni ká ti yá a: kí ẹ̀gbọ́n kọ tatau níbi tí wọ́n bá ti ń sọ ti Sàmóà.

Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni pe'a, ìyẹn tatau ti ọkùnrin, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí dé orúnkún. Egungun tàbí eyín ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní eyín-eyín bí òòyà ni wọ́n ń fi ọ̀pá lù wọ inú awọ, tó, tó, tó, fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tó bá sá kúrò nídìí rẹ̀ láìparí, ìtìjú ni fún òun àti ìdílé rẹ̀. Malu ni ti obìnrin. Àgbàlagbà ló ń fara jìn fún un o, síbẹ̀ mo rí i pé ó súnmọ́ ilà wa ju fínfín Yábà lọ, torí ó so ènìyàn mọ́ ìdílé rẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ilà, ẹ fi pe'a sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ará Sàmóà bá kọ̀wé nípa wa tó pe àbàjà ní pe'a ojú, ṣé inú wa máa dùn?

Ó ku orúkọ oníṣẹ́. "Afínra" tí àbúrò náà mú wá jọ afínràn jù létí. Onífínfín ni mo fara mọ́, kí olóòlà dúró sídìí ilà. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ mìíràn lẹ́nu àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì, kó kọ ọ́ síbí kí ẹ̀gbọ́n tó fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́.