"Àìfisípò" kì í ṣe yíyọ kúrò: ọ̀rọ̀ lórí fífi ètò sí kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ èyí.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan kó ọ̀rọ̀ méjì wá fún wa láti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n ní tí a bá fi ètò ("program" lédè Gẹ̀ẹ́sì) sínú kọ̀ǹpútà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "install", kí á máa pè é ní "ìwúyè". Tí a bá mú un kúrò ("uninstall"), kí á pè é ní "àìfisípò". Wọ́n ní èkejì ti wà lójú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, pé àwọn tó ń túmọ̀ èdè ti ń lò ó, nítorí náà kò sí ohun tí a tún ń bá ara wa fà. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò gbà. Èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì ni "àìfisípò", ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo "àì-" yìí dáadáa. Àìsùn: ẹni náà kò sùn. Àìgbọ́ràn: kò gbọ́ràn. Àìlówó: kò lówó. Àìjẹun, àìwẹ̀, àìmọ̀kan. Ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní "àì-" tí ẹ mọ̀ síwájú mi, kò sí ọ̀kan tó sọ pé a ti ṣe nǹkan tán, a wá tú u padà. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni "àì-" ń sọ. Àìwẹ̀ kì í ṣe pé a wẹ̀ tán, a wá lọ fi ẹrẹ̀ para. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "àìfisípò" ṣe túmọ̀ sí pé a kò tilẹ̀ fi nǹkan náà sípò rárá. Ètò ti wà nínú ẹ̀rọ láti ọdún méjì, ó ti gba àyè, ó ti ń jẹ iná, oníbàárà fẹ́ kó lọ, bọ́tìnì wá ń sọ fún un pé a kò fi sí i. Irọ́ ni bọ́tìnì yẹn ń pa.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. "Un-" ti Gẹ̀ẹ́sì, méjì ni. Èyí tó wà nínú "unhappy" ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà nínú "untie" ń sọ pé a tú ohun tí a ti so. Àkọ́kọ́ nìkan ni "àì-" wa bá mu. Èkejì kò ní ẹnìkejì lédè wa, torí Yorùbá kì í fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tú nǹkan. Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn la fi ń tú u. A wọ aṣọ, a bọ́ ọ. A di irun, a tú u. A ru ẹrù, a sọ̀ ọ́. A ti ilẹ̀kùn, a ṣí i. A kọ́ ilé, a wó o. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tú òun nìkan, ọmọ ọdún mẹ́ta sì ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ ABD. Ọrọ̀ ńlá ni èyí nínú èdè wa. Ẹni tó bá wá fi "àì-" kan ṣoṣo rọ́pò gbogbo rẹ̀ ti sọ wá di tálákà níbi tí a ti lówó.

Ìwúyè ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, "install", fún oyè àti fún ètò kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ ni pé àga ló wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: láti inú Látìnì ló ti wá, ó sì túmọ̀ sí kí a mú ènìyàn jókòó sí àga ipò rẹ̀. Àga tiwọn nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jókòó sí i. Àwa tí a ní Ẹ̀wí l'Ádó, tí a ní Alààyè l'Éfọ̀n, a mọ ohun tí ìwúyè jẹ́, a mọ ewé tó ń bá a rìn. Bí a bá sì gbà pé ìwúyè ni, kí ni òdìkejì rẹ̀? Ìrọ̀lóyè ni. Ìyá tó gbé kọ̀ǹpútà wá pé kí n yọ géèmù ọmọ òun kúrò kí àyè lè wà fún iṣẹ́, ta ni ó rọ̀ lóyè?

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ gan-an. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi a máa sọ "ínsítọ́ọ̀lù", n kì í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá wọlé, ì báà jẹ́ olùkọ́ tàbí aláṣọ, ohun tó máa sọ ni pé: "Bọ̀dá, ẹ bá mi fi Word sí i." Tó bá sì sú u: "Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò, ó ń fa ẹ̀rọ mi sẹ́yìn." Fi sí. Yọ kúrò. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e lórí. Ìfisí àti ìyọkúrò ló kù kí á kọ sílẹ̀. (Ẹni wa ní Òkè-Mèsì ṣì takú pé "fi sórí ẹ̀rọ" ló dára jù. Èmi kò rí orí kankan níbẹ̀. Inú díìsìkì ni fáìlì ń lọ. N ó fún un lésì lọ́tọ̀.)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i o. Yọ, yọ́, yọ̀: ọ̀kan mú nǹkan jáde, ọ̀kan di omi, ọ̀kan ń dunnú. Mo ti rí "Yo kuro" lójú ẹ̀rọ láìsí àmì ohùn, láìsí kókó nísàlẹ̀, ojú sì tì mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá jinlẹ̀ rèé, tí ẹ̀gbọ́n kò dé rárá. Mímú ètò kúrò kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan á kàn pa àwòrán kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ́, wọ́n á ní àwọn ti yọ ọ́. Pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n yọ, ọjà ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà Windows 95, lọ́dún 1995, ni wọ́n ti ya ojú kan sọ́tọ̀ nínú Control Panel tí a ti ń yọ ètò ní tòótọ́, síbẹ̀ àwọn ètò kan a tún máa fi àjókù sílẹ̀. Àwọn tó ń lo Debian tàbí Ubuntu, oríṣi Linux tí àwọn kan ń lò dípò Windows, tilẹ̀ ní àṣẹ méjì fún un. "apt remove" á kó ètò lọ, á sì fi fáìlì ìtò rẹ̀ (èyí tó ń pa bí a ṣe tò ó mọ́) sílẹ̀ nínú /etc, ibi tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ń gbé, kí ó lè bá gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà nígbà tó bá padà wá. "apt purge" á kó ètò náà pẹ̀lú fáìlì ìtò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé méjèèjì.

Ìyá àgbà mi ní oko iṣu. Bí iṣu àkọ́kọ́ bá tó jẹ, wọn kì í tú ebè ká. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé iṣu nísàlẹ̀ orí rẹ̀, wọ́n á fi orí sílẹ̀ tòun ti ewé, wọ́n á da erùpẹ̀ bò ó padà kí ó tún lè ta, ibẹ̀ ni èèbù ọdún tó ń bọ̀ ti ń wá. "remove" nìyẹn! Iṣu ti kúrò, orí rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ báyìí fún ọmọ iṣẹ́ mi kan tó wá láti Ìkọ̀lé, kò tún bi mí léèrè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Fún "purge", mo dábàá "hú": ìhúkúrò. Ẹnìkan ní kí n lo "wa", torí iṣu là ń sọ. Rárá. Ohun tí a ó jẹ là ń wa. Koríko tí a kò fẹ́ kó padà wá mọ́ là ń hú, tìdí-tìdí. Ẹni tó tẹ "purge" kò ní in lọ́kàn láti jẹ nǹkan kan.

Lọ́dún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ n'Ífẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6 gbáko, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹni tó sọ "amúlétutù" wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nínú ilé kó tó la ẹnu. Iṣẹ́ ojú nìyẹn, kì í ṣe ti ìwé atúmọ̀ èdè.

Ó ku àbúrò mi láti Ìjerò, tó ní níwọ̀n bí Èkìtì ti ni wá, "ùfisí" àti "ùyọkúrò" ló yẹ ká kọ. Àbúrò, ulé àti uṣu ni èmi náà ń sọ nílé, ó sì máa ń dùn mí pé Yorùbá àjùmọ̀lò kò jẹ́ kí "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ kankan. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Ìlọrin náà ni yóò ka bọ́tìnì yìí. Ọkàn mi wà lẹ́yìn rẹ, ọwọ́ mi ni kò lè kọ ọ́.

Ẹ̀yin ará Ọ̀tùn àti Ọ̀yẹ́, ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Orí iṣu tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ebè yẹn, ṣé ó ní orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Tí àgbà kan bá ṣì mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi béèrè kí ẹ tó fèsì, torí mo fẹ́ ẹ fún fáìlì tó kù nínú /etc.