Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì: kí la máa pè é ní Yorùbá?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ ti sọ lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká fún Commonwealth (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ gàba lé ọ̀pọ̀ wọn lórí rí, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń ṣe olórí ẹ̀), ìyẹn "Àjọ Ọrọ̀-Àjọní" tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, àti "Ẹgbẹ́ Ìlú Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Tẹ́lẹ̀" tí àǹtí wa fi dá wọn lóhùn, mi ò sì fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, ẹ má bínú sí mi.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ti ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, wọ́n ní apá kan ni àjọní, apá kejì ni ọrọ̀, ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi, "wealth" tó wà níbẹ̀ yẹn kì í ṣe owó o, láyé àtijọ́ ire àti àlàáfíà ìlú ni wọ́n ń fi pè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ orí ọba wọn, Charles kìíní, ní 1649, tí wọ́n láwọn ò ṣe ọba mọ́, Commonwealth ni wọ́n pe ìjọba tí wọ́n gbé kalẹ̀. Massachusetts àti Virginia l'Amẹ́ríkà ṣì ń jẹ́ ẹ dòní, Ọsirélíà náà ń jẹ́ ẹ láti 1901. Ẹ tiẹ̀ wò ó, orúkọ tí wọ́n fi rọ́pò ọba nígbà kan, ọba ló wá ń ṣe olórí ẹ̀ báyìí. Tí ẹ bá ka "ọrọ̀ àjọní" nínú ìròyìn, bàbá tó ń gbọ́ rédíò ní Ṣakí á béèrè pé ìgbà wo ni alájọ máa kó tiwọn dé. Owó wo la jọ ní?

Àǹfààní wà níbẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti owó. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Peckham, tí físà ẹ̀ pé, tó ti pé ọdún tí wọ́n ń dìbò, ó lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò yan aṣòfin nílùú ọba láì tíì gba pásípọ́ọ̀tù wọn, torí pé Nàìjíríà jẹ́ mẹ́ńbà. Ọmọ Kétu tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, tí wọ́n jọ ń sọ Yorùbá, àmọ́ tó jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Bẹ̀nẹ̀ ló mú dání, á kàn máa wò ni.

Ti àǹtí wa ló sún mọ́ òótọ́ díẹ̀, torí inú ìjọba àmúnisìn náà ni àjọ yìí ti jáde lóòótọ́. Ní 1926 ni wọ́n gbà pé Kánádà, Ọsirélíà àtàwọn yòókù bíi tiwọn bá Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, ní 1931 wọ́n sọ ọ́ dòfin. Ìgbà tó di 1949, Íńdíà ní àwọn fẹ́ yan ààrẹ, àwọn ò sì fẹ́ kúrò, ni wọ́n bá jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kò burú, ọba á máa ṣe olórí àjọ ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ọba lórí Íńdíà. Bí "British" ṣe kúrò lára orúkọ náà nìyẹn. Lónìí, nínú orílẹ̀-èdè 56, ààrẹ ilẹ̀ wọn ló wà nípò ọba ní 36.

Ibi tí orúkọ àǹtí ti jó àjórẹ̀yìn ni pé Mòsáḿbíìkì wọlé ní 1995, Potogí ló jẹ gàba lé wọn lórí. Rùwáńdà wọlé ní 2009, Jámánì ló kọ́kọ́ mú wọn sìn, Bẹ́ljíọ̀mù ló tẹ̀ lé e. Gàbọ́ọ̀nù àti Tógò wọlé ní 2022, Faransé ló ni wọ́n tẹ́lẹ̀ (apá tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú Tógò ìgbà yẹn ti bá Gánà lọ). Íjíbítì àti Sudan tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ gàba lé lórí dáadáa, wọn ò sí níbẹ̀ rárá. Áílándì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an ti jáde láti 1949. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, abẹ́ ta ni tẹ́lẹ̀?

Ẹnì kan tún yọ́ ọ̀rọ̀ kan sí i pé ká máa pe High Commissioner, ìyẹn aṣojú tí orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ yìí ń rán lọ sí òmíràn, ní "ajẹ́lẹ̀ àgbà". Rárá o! Ajẹ́lẹ̀ ni ẹni tí Aláàfin ń rán lọ jókòó sí ìlú tó wà lábẹ́ ẹ̀ láti máa ṣọ́ wọn, kó sì rí i pé ìṣákọ́lẹ̀ ń wọlé, àwọn bàbá wa náà ló sì gbé orúkọ yẹn fún òyìnbó tó ń ṣàkóso wọn. Ìdí tí wọn ò fi ń pe ara wọn ní ambasẹ́dọ̀ láàárín àjọ yìí ni pé nígbà tó jẹ́ ọba kan náà ló wà lórí ìlú méjèèjì, ọba ò lè rán ikọ̀ sí ara ẹ̀. Ẹni tí Nàìjíríà rán lọ sí Accra, ẹ fẹ́ pè é ní ajẹ́lẹ̀ lójú àwọn ará Gánà? Ìjà ni ẹ ń wá. "Aṣojú àgbà" ti tó.

Èyí tí èmi mú wá ni "Àjọ Orílẹ̀-èdè Alájọṣe". Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ló dé tí kì í ṣe "ìṣọ̀kan" bíi ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Kò sí ìṣọ̀kan kankan níbẹ̀, àjọṣe ló wà, ẹ̀yin náà mọ bí àjọṣe ṣe ń rí, ó lè dà rú, ó sì lè padà dán mọ́rán. Ní November 1995, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ń ṣèpàdé ní Auckland lọ́wọ́ ni ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àtàwọn mẹ́jọ mìíràn, wọ́n sì jáwèé gbélé-ẹ fún Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ Emeka Anyaoku ọmọ tiwa ni akọ̀wé àgbà nígbà náà o! Ọjọ́ tí ológun gbéjọba sílẹ̀, 29 May 1999, ni wọ́n gbà wá padà. Zimbabwe bínú jáde ní 2003 nígbà ìpàdé tó wáyé l'Ábújá. Gáḿbíà jáde ní 2013, wọ́n padà dé ní 2018. Ọ̀rọ̀ wo ló gba gbogbo ìyẹn bí kò ṣe àjọṣe?

Ó tún rọrùn lẹ́nu. "Tóbi Àmùsàn gba góòlù nínú Ìdíje Alájọṣe ní Birmingham ní 2022." Ẹ fi "Ìdíje Ẹgbẹ́ Ìlú Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Tẹ́lẹ̀" sí i kí ẹ wò ó bóyá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kankan á lè kà á tán ní mímí kan. Ẹni tó bá ń kọ ìròyìn lè kọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan lókè káwọn èèyàn mọ ohun tó ń sọ, kó wá máa bá Alájọṣe lọ nísàlẹ̀.

Àjọ tàwọn Faransé, ìyẹn Francophonie, ò le ní tiẹ̀, èdè ni wọ́n so ó mọ́, "Àjọ Elédè Faransé" ti tó. Àbí ẹ̀yin ará Kétu àti Pọ́bẹ̀ ní orúkọ mìíràn tí ẹ ń pè é?