Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: iṣẹ́ ọwọ́ wo ni mo lè fi kọ́ àwọn ọmọ mi nípa àṣà àwọn ará ibòmíì láyé?

Ìyá Morẹ́nikẹ́, Ìbàdàn
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin òbí. Ìsinmi ilé ìwé ti dé, ọmọ méjì ló wà nílé lọ́wọ́ mi, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ayé fẹ̀ ju ibi tí ojú wọn tó lọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Brazil kò ju bọ́ọ̀lù lọ. Tí ẹ bá dárúkọ Japan, Toyota ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Níléèwé, wọ́n á ya àsíá, wọ́n á yá aṣọ wọ̀, ó tán. Ohun tí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn ṣe, tó máa yé wọn, ni mò ń wá, tí kò sì ní náni lówó púpọ̀. Èyí àbúrò kì í jókòó pẹ́ o.

Àǹtí Aláró, Abẹ́òkúta
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, mà. Ẹ wá àlòkù aṣọ funfun, kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí wọ́n fi ìko tàbí òwú dì í pinpin bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ oníko. Kí wọ́n wá wé aṣọ kejì mọ́ páìpù omi, kí wọ́n fi okùn yí i ká, kí wọ́n sì tì í wálẹ̀ títí yóò fi hunjọ. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí àwọn ará Japan ń gbà ṣe shibori, ìyẹn àdìrẹ tiwọn, nìyẹn. Ìlà rẹ̀ máa ń dà gẹ́rẹ́ bí òjò tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ní Arimatsu, àdúgbò kan ní ìlú Nagoya, ó ti lé ní 400 ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Èlú tiwa àti ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró níbẹ̀ kò bára tan rárá, síbẹ̀ àwọ̀ kan náà ló ń tinú méjèèjì jáde. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí gan-an nìyẹn. Búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun ti tó fún wọn. Ó máa ṣí tí ẹ bá fọ aṣọ náà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ sódà tí àwa aláró ń lò. Ó máa ń bó èèyàn lára.

Bàbá Kọ́lá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Àkàrà ni kí ẹ fi mú wọn dé Brazil. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, acarajé ni wọ́n ń pè é: ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, tí a fi epo pupa dín. Tiwọn tóbi. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á kó vatapá sí i, ìyẹn ohun kan tó ki bí ọbẹ̀, tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé gbígbẹ, àgbọn àti epo pupa sè. Àwọn obìnrin tó ń tà á máa ń wọ aṣọ funfun, wọ́n á wé gèlè. Lọ́dún 2005 ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Ẹ jẹ́ kí àbúrò máa bó ẹ̀wà nínú omi, ìyẹn ò gba ìjókòó.
Ẹ má sì fi òtítọ́ pamọ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé àkàrà sọdá òkun. Ọdún 1888 ni Brazil tó fòpin sí ẹrú níní. Àwọn kan padà sí Èkó, àwọn la ń pè ní Àgùdà, àwọn ló sì mú frejon bọ̀, ẹ̀wà alágbọn tí à ń jẹ ní Ẹtì Rere.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ má gbàgbé ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Oware tí wọ́n ń ta ní Ghana àti warri tí wọ́n ń ta ní Antigua, iye kan náà ni. Ṣùgbọ́n Bao, irú ayò tí wọ́n ń ta ní Zanzibar ní Tanzania, ní ihò 32 ní ìlà mẹ́rin, ọmọ rẹ̀ jẹ́ 64. Kréètì ẹyin tó fún ayò. Fún Bao, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò sílẹ̀.

Olùkọ́ kan, Ọ̀yọ́
Àmọ̀ràn yín dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di òní Brazil, ọ̀la Japan, ọ̀tunla Zanzibar. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ pẹ́ nídìí rẹ̀. Kí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ọmọ Japan náà ń wọ ṣòkòtò, wọ́n ń lọ síléèwé, wọ́n ń sá fún iṣẹ́ ilé. Ìyá Morẹ́nikẹ́, ṣebí Sábó wà ní Ìbàdàn? Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń dín másà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, kí wọ́n kí i dáadáa, kí wọ́n rà, kí wọ́n béèrè bó ṣe ń rẹ ìrẹsì tó sì ń lọ̀ ọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ yàtọ̀ sí àwòrán.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkàrà la máa fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kọ́lá, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ ẹrú fún ọmọ ọdún mẹ́fà?

Bàbá Kọ́lá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí: wọ́n fipá kó àwọn èèyàn wa lọ, àwọn kan nínú wa ló sì tà wọ́n. Wọn ò lè di ẹrù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àkàrà dín. Tó bá béèrè sí i, ẹ dá a lóhùn, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ní ti ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀, kó na òwú láti Wídà, èbúté kan ní orílẹ̀-èdè Benin tí wọ́n ti ń kó ẹrú, dé Salvador. Nígbà tí ẹ bá sì ń lọ ẹ̀wà, ẹ má bu omi púpọ̀ sí i. Àkàrà tó bá ṣàn kò ṣeé là kó nǹkan sí.