Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní Filoti, erékùṣù Naxos: ẹ wá bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì, Mansẹ́sítà:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, ní kí èmi àtàwọn ọmọ wá lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Filoti, abúlé kan lórí òkè ní erékùṣù Naxos. Ìyá ń gbé lókè, àwa á wà nísàlẹ̀. Ìparí oṣù Keje la fẹ́ dé ibẹ̀. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì, a ó máa dáná fúnra wa ni. Dókítà ti ní kí n máa rìn dáadáa nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, inú mi sì dùn sí ìyẹn. Àwọn tó ti gbé irú ibẹ̀ rí, kí ni kí n gbé dání? Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀? Ṣé wọn ò ní máa wò wá bí ẹni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run? Páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ṣì ni tèmi o, ti ìlú ọba ni tàwọn ọmọ.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Kypseli, Áténì:
Ìyá Ìbejì, páàsípọ́ọ̀tù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ìwé ìgbélùú ìlú ọba ò lè gbé yín wọ Gíríìsì, físà Schengen lẹ máa gbà. €90 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó dìde sí i. Wọ́n máa béèrè ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó tó €30,000, kí ọ̀rẹ́ yín náà kọ lẹ́tà pé ilé ìyá òun lẹ máa dé sí. Àwọn ọmọ ò nílò físà ní tiwọn, kò sáà gbọdọ̀ ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ.

Tẹ́ ẹ bá balẹ̀ ní Áténì, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ máa gbé yín tààrà láti pápákọ̀ òfurufú dé èbúté Piraeus, ó tó bíi wákàtí kan. Ọdún 2022 ni wọ́n tó fa irin náà débẹ̀, torí náà ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wọ takisí. Tó bá jẹ́ òru lẹ dé, bọ́ọ̀sì X96 ń ná ọ̀nà yẹn tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ ojú omi ńlá láti Piraeus sí Naxos ń gba wákàtí márùn-ún àti díẹ̀. Àwọn kéékèèké tó ń sáré wà, àmọ́ wọ́n wọ́n, wọ́n sì máa ń jó lórí omi débi pé àpò bíbì ni wọ́n ń pín káàkiri.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: oṣù Keje àti Kẹjọ ni ìgbà afẹ́fẹ́ meltemi, àríwá ló ti ń fẹ́ wá. Tó bá le jù, ìjọba á ní kí ọkọ̀ kankan má ṣí. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò lérékùṣù jẹ́ ọjọ́ kan náà tẹ́ ẹ máa wọ bàálù. Èmi ti sùn mọ́jú lórí bẹ́ǹṣì èbúté rí, tòun ti kúlà ẹja lẹ́sẹ̀ mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston:
Ẹja ta ni?

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Kypseli, Áténì:
Ẹja ọ̀gá mi. Yìnyín yọ́ tán kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Filoti:
Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣọwọ́ sí mi ni. Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ o. Mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní abúlé yìí, ọmọ ibí lọkọ mi.

Ẹ gbé ti ẹrù sílẹ̀ ná, ìkíni ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì sápò. Ojú títì kan ló gba àárín Filoti kọjá, igi plátánì ràgàjì kan wà ní gbàgede, àwọn bàbá sì ti ń jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀, kọfí kan fún wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó ń kọjá ló ń kí ẹni tó jókòó, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Kalimera títí ọ̀sán á fi pọ́n, kalispera lẹ́yìn náà. Yia sas fún àgbà tàbí fún èrò, yia sou fún ẹgbẹ́ ẹni àti ọmọdé. “Ẹ” àti “o” wa náà nìyẹn. N kò mọ̀ nígbà tí mo dé, ni mo bá fi yia sou kí àlùfáà abúlé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n sì ní “ẹ kú” fún gbogbo nǹkan. Ẹ ra bàtà tuntun tàbí ẹ gẹ irun, wọ́n á ní me yia, ẹ ó lò ó gbó. Ẹni tó bímọ, na sas zisi, Olúwa á dá a sí. Ara ẹnì kan ò yá, perastika. Ẹni tó kó lọ sílé tuntun, kalo riziko. Tí oṣù Kẹjọ bá parí báyìí, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn ní kalo himona, ẹ kú ìmúra òtútù, nígbà tí oòrùn ṣì ń bó wa lórí! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ni mo pe ìyá mi pé mo máa lè gbé ìlú yìí.

Wọ́n á wò yín o, n kò ní purọ́. Àwọn ìyá àgbà ní ìbéèrè kan tí wọ́n ń bi ọmọdé tí wọn ò bá dá mọ̀: Tinos ise? Ọmọ ta ni ẹ́? Agbolé ni wọ́n ń wá. Ọdún kejì tí mo dé, ìyá kan tó ń ṣa ewébẹ̀ létí ọ̀nà bi èmi náà bẹ́ẹ̀. Mo dárúkọ bàbá ọkọ mi. Ó ní “á”, ó ki ọwọ́ sínú éépírọ́ọ̀nù, ó kó ọ̀pọ̀tọ́ mẹ́rin lé mi lọ́wọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ yín ni kẹ́yin náà máa dárúkọ. Tẹ́ ẹ bá wá ní Nàìjíríà lẹ ti wá, “Giannis!” ni wọ́n máa ké, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wọn tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston:
Adétòkunbọ̀ wa! Ta ló tiẹ̀ ba orúkọ yẹn jẹ́ tó di Antetokounmpo?

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Kypseli, Áténì:
Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Gíríìkì ò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún “d” tiwa, “nt” ni wọ́n fi ń kọ ọ́, “mp” ni wọ́n sì fi ń kọ “b”. Ìgbà tí wọ́n tún wá dà á padà sí ABD ló di bẹ́ẹ̀. Áténì níbí ni wọ́n bí i lọ́dún 1994, àdúgbò Sepolia ló gbé dàgbà, ọdún 2013 ló sì tó di ọmọ ìlú lórí ìwé. Mo kàn ń sọ ọ́ ni, kí Ìyá Ìbejì lè rí nǹkan fèsì tí wọ́n bá ti pariwo orúkọ yẹn tán.

Bọ̀ọ̀dá Onírìn, Lọ́ńdọ̀n:
Ti ìrìn lèmi mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí Naxos, oṣù Karùn-ún sì ni gbogbo rẹ̀, nígbà tí òdòdó wà nílẹ̀ tí ara sì tutù. Oṣù Kẹjọ tẹ́yin ń lọ yìí, Ìyá Ìbejì, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ jáde ní agogo mẹ́fà àárọ̀, kẹ́ ẹ ti padà sílé kó tó di mẹ́wàá. Ṣé ẹ rántí Michael Mosley tí a máa ń wò lórí BBC? Oṣù Kẹfà 2024, ní erékùṣù Symi. Ọ̀sán gangan ló dá gbéra létí òkun, kò mú fóònù dání. Ẹni ọdún 67 ni, ọ̀rọ̀ ìlera sì niṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Lítà omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fìlà, fóònù tí iná rẹ̀ kún, kí máàpù sì ti wà lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń sá lẹ́yìn òkè. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Àwọn ọ̀nà ibẹ̀ dára. Kalderimi ni wọ́n ń pè é, òkúta ni wọ́n tò sílẹ̀ fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láyé àtijọ́, láti abúlé dé abúlé. Àmì funfun àti pupa pẹ̀lú nọ́ńbà máa ń wà lára òkúta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọ̀: láti Filoti lọ sí abúlé Chalki láàárín oko ólífì. Kẹ́ ẹ tó wọ Chalki, ẹ yà wo ṣọ́ọ̀ṣì Agios Georgios Diasoritis láàárín igi, ọ̀rúndún kọkànlá ni wọ́n kọ́ ọ. Nínú Chalki, ilé ìpọntí Vallindras wà níbẹ̀ láti ọdún 1896. Kitron ni wọ́n ń pọn. Ewé igi ọsàn kan ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe èso rẹ̀. Aláwọ̀ ewé ló dùn jù, aláwọ̀ ìyẹ̀yẹ̀ ló le jù. Ẹ fọgbọ́n mu ún, òkè lẹ máa gùn padà sílé.

Tára bá ti yá, òkè Zas wà lẹ́yìn Filoti gan-an. Ó lé díẹ̀ ní 1,000 mítà, òun ló ga jù ní gbogbo Cyclades, ọ̀wọ́ erékùṣù tí Naxos wà lára wọn. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ gba ti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Agia Marina. Ẹ máa rí òkúta kan lójú ọ̀nà tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí láyé àtijọ́, pé ààlà ilẹ̀ Zeus, olùṣọ́ agbo ẹran, nìyí. Zeus yìí ló ń sán àrá fún wọn bí Ṣàngó ṣe ń sán tiwa, òkè náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ọ̀nà kejì gba ibi ìsun omi Aria àti ihò àpáta kọjá, ó dagun, òkúta rẹ̀ sì ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti rí nǹkan. Ọ̀nà ewúrẹ́ ni mo ń tọ̀ tí mo pè é ní ọ̀nà èèyàn, ẹ̀gún sì gé mi lẹ́sẹ̀ torí ṣòkòtò péńpé ni mo wọ̀. Mo rí darandaran kan nísàlẹ̀, mo nawọ́, mo kígbe, “Filoti?” Ó dáhùn: “Nai, nai!” Etí Gẹ̀ẹ́sì mi gbọ́ ọ bíi “rárá”. Mo ṣẹ́rí padà, mo tún gun òkè fún bíi wákàtí kan kí n tó mọ̀ pé “bẹ́ẹ̀ ni” ló ń jẹ́! Ochi ni rárá. Nígbà míì wọn kì í tiẹ̀ lanu, wọ́n á kàn gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n á pòṣé díẹ̀. Rárá náà nìyẹn.

Àǹtí Filoti:
Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ fi kún un pé tí wọ́n bá fi wáyà so ilẹ̀kùn oko, kẹ́ ẹ tún un so bẹ́ ẹ ṣe bá a. Ewúrẹ́ ìyekan ọkọ mi ti bá irú rẹ̀ jáde, ọgbà tòmátì ẹlòmíì la ti lọ kó wọn. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ìbejì: wọn kì í na ìka márààrún síta sójú èèyàn. Bí àwọn ọmọ ilé wa ṣe ń nà án sí ara wọn tí wọ́n á ní “ìyá ẹ!”, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló burú níbí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ sọ márùn-ún lọ́jà, inú àtẹ́lẹwọ́ ni kó kọjú sí yín.

Ọ̀sán ńkọ́. Láti agogo mẹ́ta sí márùn-ún àbọ̀, òfin ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pé kí gbogbo ibi dákẹ́. Oṣù kejì tí mo dé, ìyá mi pè mí láti Ìlọrin ní agogo mẹ́ta àbọ̀, mo wà lórí bálíkónì. Ẹ mọ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí ẹni pé ohùn wa ló máa gbé e dé Ìlọrin. Fèrèsé òdìkejì ṣí. Ìyá àgbà kan yọjú, ó fi ìka lé ètè, ó rọra tún fèrèsé pa. Ojú tì mí dọ́gbẹ̀. Nígbà tó di agogo mẹ́fà, òun náà ló gbé àwo halva, ìpanu aládùn wọn, wá, ó jókòó, ó ní kí n sọ fún òun ohun tí ìyá mi sọ.

Nínú ilé: bébà ìdí kì í wọnú ṣáláńgá o, inú garawa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, páìpù wọn tín-ín-rín. Oòrùn ló ń gbóná omi lórí òrùlé, torí náà ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa wẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Mansẹ́sítà:
Àǹtí, oúnjẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ò lè fi wàràkàṣì àti búrẹ́dì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Àǹtí Filoti:
Ẹ fọkàn balẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ wà! Vlita ni wọ́n ń pè é, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló ń hù. Wọ́n kàn ń bọ̀ ọ́ ni, wọ́n á da òróró ólífì àti ọsàn kíkan lé e. Ẹ̀yin ẹ fi se ẹ̀fọ́. Ilá wà, bamies, àwọn kéékèèké, àmọ́ ẹ má wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń sè é: fínígà ni wọ́n ń dà sí i kí ó má baà yọ̀! Ọdún mẹ́sàn-án, ìyá ọkọ mi ò tíì gbà fún mi pé yíyọ̀ rẹ̀ gan-an la ń wá. Ẹ̀wà tiwa tó ní ojú dúdú wà, mavromatika, ẹ lè fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Fún òkèlè, ẹ ra simigdali tó kúná, sẹ̀mó ni. Pòtétò Naxos lókìkí ní gbogbo Gíríìsì, ó sì tọ́ sí i. Iṣu nìkan ni kò sí, Kypseli lẹ ti máa rà á kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.

Ẹ má gbé ẹran wá láti ìlú ọba: kò sí pọ́nmọ́, kò sí ṣúyà, kò sí mílíìkì. Wọ́n á gbà á. Ẹja gbígbẹ ò ní wàhálà tí kò bá ju 20 kìlò lọ. Ata rodo tútù pẹ̀lú, ẹ fi sílẹ̀, ata gígún ni kẹ́ ẹ gbé. Kẹ́ ẹ sì dirun kẹ́ ẹ tó máa bọ̀, torí kò sí onídìrí níbí, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yìí ò sì mọ irun.

Ìyá Ìbejì, Mansẹ́sítà:
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣeun o, gbogbo ilé. Àǹtí, kí ni kí n mú bọ̀ fún yín?

Àǹtí Filoti:
Èlùbọ́. Kìlò méjì, kó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sára. Ajá kọ́sítọ́ọ̀mù gbóòórùn èyí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá títí, ó sì sín sínú báàgì. Kẹ́ ẹ rí i pé ẹ kò rìnrìn àjò lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ọdún Màríà ni, ti Filoti gan-an ni. Ijó máa wà ní gbàgede títí ilẹ̀ á fi mọ́, mo sì nílò ẹni tá a jọ máa wọ aṣọ àǹkárá.