Àgbọ̀nrín kejì tún gbé ọta mi lọ

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo kí yín. Ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé, oko ọ̀rẹ́ mi kan ni mo sì ti ń ṣọdẹ. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ; èmi jẹ ìyà náà, n kò rí ẹran. Láti aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wà lórí pèpéle ìṣọ́, tí òtútù mú mi títí ìka mi fi kú. Akọ àgbọ̀nrín kan jáde, mo yìnbọn, ó ká ẹ̀yìn kò, ó sì wọgbó. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí, n kò rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. .308 Winchester ni ìbọn mi, owó ńlá ni mo sì fi rà á. Ṣé kí n wá èyí tó lágbára jù ú lọ ni?

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Ìbọn yẹn ti tó, ẹ̀gbọ́n. Irú ọta wo ni? Báwo ni ẹran náà ṣe dúró? Ẹ kò sọ ọ̀kankan, òtútù lẹ ń ròyìn fún wa.

Bàbá Ọdẹ: Ṣakabùlà ni bàbá mi lò títí ó fi kú, kì í sì í yìn ín àfi bó bá sún mọ́ ẹran débi tó ti ń rí i tí etí rẹ̀ ń mì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, òkèèrè ni ẹ ti ń yìnbọn.

Ẹni tó béèrè: Bàbá, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ju yádì 120 lọ, ẹ̀yìn apá ni mo sì na ìbọn sí. Ọta tí mo fi ń dánra wò ní pápá ni mo lò, èyí tí bàbà bò lórí pátápátá.

Ará Colorado: Ọ̀rọ̀ ti yọ. Irú ọta bẹ́ẹ̀ kì í là. Ihò tín-ín-rín ni yóò fi wọlé, tín-ín-rín náà ni yóò fi jáde, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dà sílẹ̀ tó èyí tí ènìyàn lè tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọta ọdẹ, òjé orí rẹ̀ hàn síta, ó rọ̀, bó bá kan ẹran yóò là bí olú. Níbí ní Colorado, òfin sọ ọ́ di dandan: ọta tó ń là, tí kò fúyẹ́ ju gíréènì 70 lọ (gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) fún àgbọ̀nrín, 85 fún elk, ìyẹn àgbọ̀nrín ńlá.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Ọta nìkan kọ́. Bí ó bá gba inú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kọjá, ẹran náà kò ní rìn jìnnà. Àwọ̀ wo ni ẹ̀jẹ̀ náà?

Ẹni tó béèrè: Ó dúdú, ó ń rùn, èérún koríko sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹran náà kò fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí mi tán, iwájú rẹ̀ yí sọ́dọ̀ mi díẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó má baà lọ jìnnà.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Ikùn ni ẹ bà! Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró a máa pọ́n fòò, a sì máa hó. Bí ẹran bá kọjú síni báyẹn, ọta tó bá gba ẹ̀yìn apá tó wà lọ́dọ̀ yín wọlé, inú ìfun ló ń já sí. Ẹ ìbá dúró kí ó fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí yín tán. Ẹni tó bá sì ba ikùn, wákàtí mẹ́fà ó kéré tán ni kí ó fi sílẹ̀, nítorí ẹran náà yóò dùbúlẹ̀ nítòsí. Ẹ̀yin lẹ lé e dìde.

Bàbá Ọdẹ: Ìgbà wo lẹ yìnbọn?

Ẹni tó béèrè: Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ yìí. Aago méjì ti kọjá báyìí.

Bàbá Ọdẹ: Kí lẹ wá ń ṣe nídìí fóònù? Ẹ mú ẹnìkan dání, ẹ padà síbi tí ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ máa rìn jẹ́jẹ́, kí ẹ sì wo ibi tí omi àti igbó dídí wà. Ẹran náà ṣì ń jẹ̀rora.