Irin olóòfà nínú itan: orúnkún ò tẹ̀ mọ́, ó sì fẹ́ máa bọ̀ wálé

Ẹ̀gbọ́nBódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 27, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń mú ẹsẹ̀ gùn ní Istanbul. Itan méjèèjì ni wọ́n gé, irin olóòfà, Precice, tí ẹ̀rọ òòfà kan ń ti ìta mú gùn, ni wọ́n sì fi sínú eegun. Sẹ̀ǹtímítà 6 ló ń lé. Ó ti rí 2.4 báyìí, mìlímítà kan lójúmọ́. Orúnkún tó ń tẹ̀ dé dígírì 110 lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kọjá 70 mọ́, ó ní iwájú itan ń fà á bí ohun tó fẹ́ ya. Owó ilé tó háyà ti ń tán, ó wá fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà wá sí Ìbàdàn kó máa ṣe ìyókù níbí.

Ṣé kó dín fífà kù ni àbí kó dúró? Ṣé ó bójú mu kó wọ ọkọ̀ òfuurufú báyìí? Ìgbà wo ló máa rìn láìdi nǹkan kan mú? Kẹ́místì kan tún ní kó máa lo diclofenac.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bá mi jà lórí ìdí tó fi ṣe é. Ìyá wa ti ṣe ìyẹn tó.

FísíòÌlúỌba

Ẹ kú àníyàn, ẹ̀gbọ́n. Orúnkún ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń kánjú jù.

Eegun kọ́ ni ìṣòro níbi tó dé yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n gé e, tí wọ́n sì fún un ní ọjọ́ bíi 5 sí 7 kí fífà tó bẹ̀rẹ̀, eegun tuntun á máa hù sínú àlàfo náà. Iṣan ni ẹnikẹ́ni ò gé. Iṣan iwájú itan, tó ti ìbàdí wá kọjá orúnkún, ni wọ́n ń fà lójoojúmọ́. Tí kò bá rí nínà tó, ó máa so orúnkún mọ́lẹ̀. Kí orúnkún ti 110 já sí 70 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí kò tíì dé ìdajì ọ̀nà, ìkìlọ̀ gidi ni. Bó bá ti ń sún mọ́ 45, wọ́n máa ń dá fífà dúró. Ní 70, ohun tí dókítà rẹ̀ sábà máa ṣe ni pé á dín in sí mìlímítà 0.75 tàbí 0.5 lójúmọ́ fúngbà díẹ̀, á sì sọ físíò di ojoojúmọ́. Dókítà yẹn ló gbọ́dọ̀ pàṣẹ rẹ̀ o. Bó bá pẹ́ jù lórí 0.5, eegun lè so pọ̀ kí ó tó dé ibi tó ń lọ, irin ò ní lè fà á mọ́, wọ́n á tún gbé e padà sí tíátà láti gé e lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá sì yára jù, àlàfo á wà níbẹ̀ láìsí eegun gidi nínú rẹ̀. Ilizarov, dókítà eegun kan, ti fi ajá dán èyí wò ní Kurgan, ní Rọ́ṣíà: 0.5 ń tètè so, 2 kì í hù dáadáa, mìlímítà 1 lóòjọ́ ló dára jù, ó sì sàn kí wọ́n pín in sí ọ̀nà púpọ̀. Ibẹ̀ ni mìlímítà kan tí gbogbo ayé ń lò ti wá.

Ẹ bi í bóyá ìrọ̀rí wà lábẹ́ orúnkún rẹ̀ tó bá sùn. Ó ń tu ni lára, ṣùgbọ́n kó yọ ọ́ lónìí. Orúnkún tó bá tẹ̀ díẹ̀ mọ́jú lálaalẹ́ ò ní nà tán mọ́, àìlènà tán sì burú fún ìrìn ju àìlètẹ̀ lọ. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni kó ká táwẹ́lì sí, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó jẹ́ kí orúnkún rọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15.

Fún títẹ̀, kó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó le. Kó fi bẹ́líìtì kọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kó fa gìgísẹ̀ bọ̀ sí ọ̀nà ìdí títí iwájú itan á fi le, kó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́rin lóòjọ́. Kí ẹnì kan máa wo ìdí rẹ̀: bí ìdí bá gbéra kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, iṣan ti rí ọ̀nà sá lọ nìyẹn, kò sí nínà kankan níbẹ̀. Kó dín fífà bẹ́líìtì kù kí ìdí padà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kó dojú bolẹ̀ lásán fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, nítorí iwájú ìbàdí. Ẹni tó bá fojú fo èyí ni ẹ máa rí tí ìdí rẹ̀ yọ sẹ́yìn bíi ti pẹ́pẹ́yẹ nígbà tó bá padà dìde rìn.

Bí ẹlòmíì bá ń bá a tẹ̀ ẹ́, kó fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ itan mú lẹ́bàá orúnkún, kó fi èkejì tẹ ojúgun díẹ̀díẹ̀. Kò sí fífi agbára já a. Eegun rírọ̀ ló wà láàárín itan yẹn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń to eegun tàbí tó ń wọ́ ara fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

Bí òkè àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń rìn ín bí èèrà, tàbí tí kò lè gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó pe dókítà. Iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n ń fà jù.

Ẹ̀gbọ́nBódìjà

Ìrọ̀rí wà níbẹ̀ lóòótọ́, méjì pàápàá! Àtàǹpàkò ń gbéra dáadáa. Bíbọ̀ wálé wá ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìTíátà

Kó má tíì bọ̀, bí mo bá ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Sẹ̀ǹtímítà 3.6 ló kù. Ní mìlímítà kan lójúmọ́, ọjọ́ 36 nìyẹn, ní 0.75, ọjọ́ 48. Àsìkò yìí gan-an ni X-ray gbọ́dọ̀ máa wáyé ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ sì máa wò ó kó lè sọ iye tí wọ́n á fà lọ́la.

Ẹ̀rọ náà ò ṣòro lò, àmọ́ ó ní ẹ̀wẹ́. Àmì tí wọ́n fi bírò kọ sára itan ni wọ́n ń gbé e lé, kó sì máa tún àmì náà kọ kí omi ìwẹ̀ tó pa á rẹ́ tán. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ sódì, irin á máa sún padà ni. Bí itan bá wú tàbí tó sanra débi pé òòfà ìta jìnnà sí tinú, ẹ̀rọ á ní òun ti ṣe tán, eegun ò sì ní gùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn àlàfo lórí X-ray: ẹ̀rọ ní mìlímítà 24, X-ray náà gbọ́dọ̀ ní bíi 24, lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Iná ló sì ń lò. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e wá sí Ìbàdàn láìní ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ dúró ire. Bí iná bá ṣe é tó fi pàdánù ọjọ́ kan, kó má fi méjì san án lọ́jọ́ kejì, kó bèèrè. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn lù nínú ara ò gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Àbúrò yín náà ò gbọ́dọ̀ wọ inú MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, níwọ̀n ìgbà tí irin bá wà nínú rẹ̀.

Ti ọkọ̀ òfuurufú: láti Istanbul sí Èkó tó wákàtí 7. Ẹsẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé eegun wọn, tí kò sì rìn púpọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dì. Bó bá di dandan, kí dókítà kọ òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó gba ìjókòó tó ti lè na ẹsẹ̀, kó máa ti àtẹ́lẹsẹ̀ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 20 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó máa mu omi. Kó gba lẹ́tà fún irin tó wà lára àti fún òòfà tó wà nínú ẹrù. Ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú ju èkejì lọ, ìrora ní ẹ̀yìn ojúgun, èémí tó ń kúrú: ilé ìwòsàn tààrà.

Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ara gbígbóná kọ́ ni ibà. Ní ilé wa, kí ara ṣá ti gbóná, a ti gbé òògùn ibà mì. Bí itan bá pọ́n, tó gbóná lọ́wọ́, tí ojú ọgbẹ́ sì ń sun, kíkẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ máa fura sí. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dúró lórí rẹ̀.

Diclofenac: rárá. Ọ̀pọ̀ dókítà eegun ni kì í fẹ́ òun àti ibuprofen nígbà tí eegun bá ń hù, torí ohun tí òògùn wọ̀nyẹn ń dí kúrò lára láti pa ìrora wà lára ohun tí eegun ń lò láti so. Bó bá sì tún ń lo òògùn tó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ dídì, inú lè máa sun ẹ̀jẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù ni ìpìlẹ̀: gíráàmù 1 ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má kọjá gíráàmù 4 lóòjọ́. Tramadol tí wọ́n bá kọ fún un á mú ìgbẹ́ le, kó fi ìbẹ́pẹ àti omi dá a lóhùn, kó sì tètè fi í sílẹ̀. Àpòpọ̀ òògùn ìrora tí kẹ́místì ń dì sínú ọ̀rá, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àgbo náà, kó dúró ná. Sìgá, ṣíṣà àti vape ń fa eegun sẹ́yìn gan-an; ìyẹn ò ní àwíjàre.

OjúX-ray

Mo fara mọ́ nọ́ọ̀sì, àfi ibì kan. Bí owó bá tán pátápátá, ó sàn kó wá sọ́dọ̀ dókítà eegun tó ti gbà láti gba iṣẹ́ náà ju kó máa dá nìkan wà nínú yàrá ní ìlú onílùú. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí “tó ti gbà”. Bóyá ní UCH ni o, tàbí ní Igbobi, kí ẹ kọ́kọ́ rí ẹni náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ tọwọ́ bọ iṣẹ́ tí ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀. Kó mú ìwé iṣẹ́ abẹ bọ̀, orúkọ irin, bó ṣe nípọn àti bó ṣe gùn tó, irú ìdè (síkúrù) tí wọ́n fi dè é, àti gbogbo X-ray látìbẹ̀rẹ̀.

Ti ìrìn: Precice kì í gba gbogbo ìwúwo ara. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 10.7 ń gba bíi kílò 23 lẹ́sẹ̀ kan, ti 12.5 ń gba bíi 34; ìwé tirẹ̀ ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Báwo ni ẹsẹ̀ ṣe máa mọ kílò 23? Ẹ gbé òṣùwọ̀n ilé sílẹ̀, kó di wọ́ká mú, kó gbé ẹsẹ̀ kan lé òṣùwọ̀n, kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọ 23. Kó tún un ṣe láìwo ojú òṣùwọ̀n títí ẹsẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Torí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni, àga onítáyà àti wọ́ká ló máa pọ̀ jù ní oṣù àkọ́kọ́. Ṣáláńgá tí wọ́n ń lóṣòó sí ò ṣeé ṣe, ẹ wá ìjókòó gíga lé orí ilé ìgbẹ́, kí yàrá rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Nígbà tí fífà bá parí, eegun tuntun á ṣì rọ̀. Wọ́n á ya X-ray lóṣooṣù, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Ògiri eegun mẹ́rin ló máa hàn nínú méjèèjì. Kí mẹ́ta ti dì tán kí ó tó ju ọ̀pá abíyá sílẹ̀. Fún sẹ̀ǹtímítà 6, oṣù bíi 5 sí 7 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sáré ṣáájú X-ray, irin ló máa tẹ̀ tàbí ìdè rẹ̀ ló máa ṣẹ́.

Lẹ́yìn fífà, kó ya X-ray gígùn ẹsẹ̀ méjèèjì ní ìdúró. Bí irin bá ṣe ń na eegun itan lójú ọ̀nà ara rẹ̀, ó máa ń ti orúnkún sí inú díẹ̀, ẹni tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń kan ara wọn tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n sábà máa ń yọ irin náà láàárín oṣù 12 sí 18. Ẹ sì wo orúkọ rẹ̀ dáadáa o: Stryde, tí wọ́n polówó pé ó ń gba gbogbo ìwúwo ara, wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2021 nítorí ìpẹtà níbi tí irin méjèèjì ti wọnú ara wọn.

Oúnjẹ: ẹyin méjì láàárọ̀, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà, ẹja lọ́sàn-án àti lálẹ́, wàrà. Kó ṣe àyẹ̀wò fítámì D dípò kó kàn máa gbé e mì.

Mọ́sàndáGbẹ́yìn

Ẹ jọ̀ọ́, ti ojúgun ńkọ́, àwọn tó wọ irin róbótó síta?

Nọ́ọ̀sìTíátà

Òun le jù. Irin gígùn rẹ̀ ní nọ́ọ̀tì tí ìyípo kan rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Kó fi àwọ̀ kun ojú nọ́ọ̀tì kan kó má baà yí i sódì lóru. Ibi tí irin ti wọ ara ló máa ń kẹ̀. Ilé ìwòsàn púpọ̀ ní Britain ń fi chlorhexidine nù ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn míì ń fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn nù ún lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n bá kọ́ yín ni kí ẹ mú. Gọ́ọ̀sì kan fún irin kan, kí ẹ má fi ti ìkínní nu ìkejì, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀sì ká a mọ́ra kí awọ ara má máa sún sókè-sódò. Orí, àdí, Aboniki, ẹ má fi ọ̀kankan síbẹ̀. Pípọ́n àti omi díẹ̀, ó lè jẹ́ òògùn tí wọ́n ń gbé mì ló máa tó. Ọyún àti irin tó ti ń mì, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti fi í.

FísíòÌlúỌba

Kí n fi kún un: ní ojúgun, ọrùn ẹsẹ̀ ló máa ń gba ìyà tí orúnkún gbà yìí. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ á fa gìgísẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ á máa nàró bíi ti ẹni tó ń yọ́ rìn. Lálẹ́, kó fi pákó tẹ́lẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀, kó fi okùn so ó mọ́ irin róbótó náà kí ó dúró ní 90. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ ò bá lè dé 90 mọ́ láìtẹ orúnkún, kó sọ fún dókítà kó tó tún yí nọ́ọ̀tì.